Dùùrù Onígi, Ọyẹ́ Kàdúná àti Ìka Àgbà

Nígbà tí ènìyàn bá ti fi ogójì ọdún tẹ dùùrù fún ìjọ, tí ó ti fi í sin òkú dé ẹnu ibojì, tí ó ti fi í mú ìyàwó wọlé, tí ó sì ti fi í gbé orin ìkórè sókè lọ́dọọdún, tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wá dé, tí wọ́n ka ìwé ìyìn sí i létí, tí wọ́n fún un ní aago ògiri, tí ó sì padà sílé rẹ̀ ní Kakuri tàbí Barnawa tàbí Narayi, ìbéèrè kan a máa bá a jókòó nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́: ṣé kíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tó wà lórí tábìlì yìí ni n ó máa tẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ mi, àbí kí n mú nínú owó tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi ṣiṣẹ́ fún, kí n fi ra ojúlówó píánò? Àwọn ọmọ ní ìdáhùn tiwọn sí i. Bàbá, ẹ tún òrùlé ṣe, ẹ ra ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ fi èyí tó kù pamọ́ fún oògùn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí orin ti bá gbé láti kékeré mọ̀ pé ọdún tó kù fún àgbà kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ó fi máa gbọ́ ohun tí kò dùn mọ́ ọn. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò fún ara mi, mo sì ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jíròrò lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó tọ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín.

Kàdúná kì í ṣe ìlú tí ẹnu ń kọ́kọ́ dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ píánò. Èkó ni ọkàn ń sáré lọ, níbi tí Thomas King Ekundayo Phillips ti jókòó sídìí dùùrù ńlá Kàtídírà ti Marina láti 1914 títí di 1962, ọdún méjìdínláàádọ́ta gbáko, tó jẹ́ pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni kí ó tó fi ipò náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà àti òwú nìkan kọ́ ni ọkọ̀ ojú irin rù. Láti ìgbà tí ìjọba Àríwá ti ṣí kúrò ní Zungeru wá sí etí odò Kàdúná ní nǹkan bí 1917 ni akọ̀wé, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti ń gòkè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, láti Ọ̀ffà ọmọ ìjàkadì, láti ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Ẹ̀gbá, wọ́n sì gbé ìwé orin wá pẹ̀lú aṣọ òkè, wọ́n gbé àmì orin sol-fa wá pẹ̀lú èlùbọ́. Ní Jọ̀s, tí ọkọ̀ ojú irin so pọ̀ mọ́ wa, ni wọ́n bí Ayo Bankole, gbajúmọ̀ olùpilẹ̀ṣẹ̀ orin, sí ní 1935, bàbá rẹ̀ sì ni atẹdùùrù ìjọ St. Luke's níbẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Akin Euba, tí wọ́n bí ní ọdún kan náà, tó sì kú ní 2020, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi yé ayé pé píánò kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa bí a ti rò, nítorí ohun èlò tí òòlù ń lu okùn nínú rẹ̀, ìbátan ìlù àti agídìgbo ni. Ó sì pe ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún píánò ní *Wakar Duru*, èyí tí ọ̀rọ̀ Hausa tó túmọ̀ sí orin ṣíwájú nínú orúkọ rẹ̀. Àgbà tó bá ń ronú àtira píánò ní Kàdúná, kì í ṣe ohun òyìnbó ni ó ń lé kiri. Ogún ni ó ń bèèrè.

Kí ni a ń pè ní píánò tó dára jù? Bí a kò bá kọ́kọ́ tú èyí, gbogbo owó tí a bá ná, inú òkùnkùn ni a ti ná an. Bartolomeo Cristofori, ará Itálì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìdílé Medici ní Florence, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní nǹkan bí 1700, ohun tó sì jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni pé ìka ni ó ń pàṣẹ fún un: bí ìka bá rọra, ohùn a rọra, bí ìka bá le, ohùn a le. Láti inú ọ̀rọ̀ Itálì méjì tó túmọ̀ sí jẹ́jẹ́ àti kíkankíkan ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, tí kíì rẹ̀ kò ju 61 lọ, tí ó sì kún inú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò jogún ìwà yìí dáadáa. Èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka tó ń bẹ̀bẹ̀ àti ìka tó ń pàṣẹ, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbé ohùn lọ sókè sódò. Nígbà tí a ṣì ń darí ìjọ, èyí kò pa wá lára, nítorí igbe ni a ń fẹ́. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń kọrin, ìlù ń dún, agogo ń dún, ẹni tó bá tẹ dùùrù jẹ́jẹ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ni ó ń tẹ̀ ẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò ní ìjọ tí yóò fi ohùn borí mọ́. Ohun tí ó kù fún un láti kọ́, èyí tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó ráyè kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ni jẹ́jẹ́ náà gan-an. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí àgbà fi díwọ̀n píánò ni pé kí ó dá ìka tó rọra lóhùn, kì í ṣe bí ó ti tóbi tó tàbí bí ó ti ń dán tó.

Ní oṣù kìíní ọdún kan, mo lọ kí ọ̀gá mi àtijọ́ kan ní Barnawa. Bàbá náà ní píánò onígi kan tó dúró ti ògiri, iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sílé nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Kakuri ṣì ń hó yéè. Ó ní kí n tẹ Dó àárín fún òun. Mo tẹ̀ ẹ́. Okùn mẹ́ta ni òòlù kan ń lù lẹ́ẹ̀kan náà ní agbègbè yẹn nínú píánò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí yóò fi kà wọ́n sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, ohùn mẹ́ta ni, ọ̀kan dúró sí àyè rẹ̀, èkejì rẹlẹ̀, ẹ̀kẹta ń gbọ̀n láàárín àwọn méjèèjì bí ohùn ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó fa àwo tánganran kan jáde lábẹ́ píánò náà, ó fi ìka kan inú rẹ̀. Ó ti gbẹ, eruku pupa sì ti tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹbu. “Àná ni mo rọ omi kún un,” ni ó wí, ètè tiẹ̀ pẹ̀lú sì ti là.

Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dì sí ní ìlú wa. Afẹ́fẹ́ tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ń bọ́ sórí Kàdúná láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá sì mú gan-an, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè wálẹ̀ ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí oṣù kẹjọ bá dé, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ó lè kọjá 80. Àwọn tó ń ṣe píánò ń fẹ́ kí ó dúró sí àárín, ní nǹkan bí 45. Igi ni inú píánò, igi a sì máa mu omi, a sì máa tú u jáde. Pákó fífẹ̀ tó wà lẹ́yìn okùn, tí ó ń gbé ohùn jáde, a wú nígbà òjò, a ti okùn síwájú, ohùn a gòkè. Nígbà ọyẹ́ a súnkì, okùn a dẹ̀, ohùn a wálẹ̀, kò sì ní wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà káàkiri. Èèkàn irin tí a fi de okùn náà, inú igi ni a gbìn ín sí. Bí igi náà bá gbẹ ju bó ti yẹ lọ, èèkàn a tú, a kò sì ní lè fi ohùn rẹ̀ sí ibì kan kí ó dúró mọ́. Nígbà tí a bá sì rántí pé okùn inú píánò kan tó nǹkan bí 230, tí àpapọ̀ fífà wọn tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 18, a ó mọ̀ pé kò sí ohun kékeré nínú kí igi tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa mí sókè mí sódò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ta ni yóò kọ́ ọmọ Àyàn ní ẹ̀kọ́ yìí? Àwọn àgbà onílù ti mọ̀ kí a tó bí wa pé awọ àti igi ń gbọ́ ojú ọjọ́. Wọ́n a sá ìlù sínú oòrùn nígbà tí òjò bá mú awọ rẹ̀ rọ̀, wọ́n a sì máa sọ pé igi tó hù sí etí ọ̀nà, tó ti gbọ́ èdè ènìyàn, ni ó yẹ fún ìlù tí yóò sọ̀rọ̀. Àǹfààní onílù ni pé oògùn ohun èlò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè fa ọ̀ṣán bí ó ti ń lù ú lọ. Atẹdùùrù kò lè gbé okùn 230 lọ síwájú iná. Ẹlòmíràn ni yóò bá a tún un ṣe.

Ẹlòmíràn náà ni a ń pè ní túnà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń ka owó. Píánò onígi ní Kàdúná kò gbọdọ̀ rí i ní ìgbà tó dín sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ìgbà tó sì tọ́ ni lẹ́yìn tí òjò ti fi ìdí múlẹ̀ àti lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti fi ìdí múlẹ̀, kì í ṣe ní àárín ìyípadà, nítorí ohun tí a bá tún ṣe nígbà tí igi ṣì ń rìn, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà tinútinú kò pọ̀ ní Nàìjíríà, Èkó ni púpọ̀ nínú wọn sì fi ṣe ibùgbé. Ẹni tí a bá fẹ́ kí ó wá láti Èkó tàbí Àbújá ní láti gba ojú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ pé àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ni a fi ọkàn tán, títí di alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022 tí àwọn agbébọn kọlù ú, tí ó sì di oṣù kejìlá ọdún náà kí ó tó tún gbéra. Ní oṣù wọ̀nyẹn, mélòó nínú wa ni ọkàn rẹ̀ yóò gbà á láti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé, Jọ̀wọ́ wá, Dó mi ti wálẹ̀? Nítorí náà, kí ènìyàn tó béèrè iye tí wọ́n ń ta píánò onígi, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ibi tí onítọ̀hún ń gbé, àti bóyá ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò máa wá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èyí ni ó gbé ìyì fún píánò oníná, tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà atẹdùùrù ń fojú tín-ín-rín láìtọ́. Ohùn píánò gidi ni wọ́n gbà sínú rẹ̀ látinú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, kíì 88 ni ó ní bí ti onígi, 52 funfun, 36 dúdú, èyí tó dára nínú wọn sì ní òòlù kéékèèké lábẹ́ kíì kí ìka lè mọ ìwúwo tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Yamaha, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Japan ní 1887, ti gbé Clavinova rẹ̀ jáde láti 1983, àwọn Kawai àti Roland náà sì ti tẹ̀ síwájú débi pé ẹni tó bá di ojú rẹ̀ ní láti fetí sílẹ̀ dáadáa kí ó tó dá wọn mọ̀. Ọyẹ́ kò lè mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, ínfátà kékeré tàbí sólà yóò gbé e ní alẹ́ tí iná ìjọba bá lọ. Àgbà tí oorun kò bá kùn ní aago mẹ́ta òru lè fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sí etí, kí ó máa tẹ orin rẹ̀ lọ, kí ìyá àwọn ọmọ má sì jí. Àléébù rẹ̀ wà: iná tó bá ṣẹ́jú lódìlódì lè jó ọkàn rẹ̀, eruku ọyẹ́ a máa wọ abẹ́ kíì rẹ̀ bí a kò bá fi aṣọ bò ó, bí pátákó inú rẹ̀ bá sì kú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó lè ṣòro láti rí irú rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò gbọ̀n lára ènìyàn. Ẹni tó bá ti fi orúnkún kan igi píánò rí nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ ń dún, tí ó gbọ́ ọ nínú egungun kí ó tó gbọ́ ọ létí, mọ ohun tí mo ń sọ, ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè kankan kò sì tíì fún mi ní i.

Àwọn kan yóò sọ pé, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, kí a ra tòkunbọ̀. Píánò onígi tòkunbọ̀ láti Japan tàbí Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé lóòótọ́, òmíràn nínú wọn sì dára ju tuntun olówó kékeré lọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn má ṣe gbójú lé dídán ara rẹ̀. Kí ó ṣí ìdérí, kí ó gbé iná wọ inú rẹ̀; bí òòlù bá ti ní kòtò jíjìn níbi tí okùn ti ń gún un, ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀; bí okùn ìsàlẹ̀ bá ti dípẹtà, ohùn wọn yóò dà bí ìgbà tí a lu agolo; bí ìyẹ̀fun bá wà ní ìsàlẹ̀ pákó, ikán tàbí kòkòrò ti gbà á ṣe ilé. Kí ó tẹ gbogbo kíì 88 náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan kíkan. Kí ó sì bèèrè oṣù tí ó ti dé ìlú, nítorí igi tí kò tíì rí ọyẹ́ Kàdúná kan, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní ti píánò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń rí nínú fíìmù, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e: gbọ̀ngàn ni ilé rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ohun tí wọ́n ń ta ní 1,000 dọ́là ní òkèèrè, nǹkan bí 470,000 náírà ni ní iye ìjọba kí oṣù kẹfà 2023 tó dé. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, kí a tó ka owó ọkọ̀ òkun àti ti ibodè. Owó ìfẹ̀yìntì kò bá a gòkè bẹ́ẹ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ra dùùrù, ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbà tó ná ìlọ́po mẹ́ta iye píánò oníná rere lórí ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo, tí àwọn àlejò jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n gbé ike lọ sílé, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ kò sì pe èyí ní àṣejù.

Ohun kan wà tí àwọn ará Èkó kì í fi sínú ìṣirò yìí, àwa ní láti fi sí i. Ní oṣù kejì 2000, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ṣàríà, ọ̀pọ̀ ìdílé Kristẹni ni ó sá wá sí gúúsù odò, ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí sì kọjá sí àríwá, ohun tí ọwọ́ lè gbé ni olúkúlùkù gbé. Píánò onígi kékeré lè wúwo tó nǹkan bí 200 kílò. Àtàrí àjànàkú ni, kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ìlú ti tòrò ju ti ìgbà náà lọ, mo sì gbàdúrà kí ó máa rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ojú rí i kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń gbèrò láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà ní ọdún mélòó kan sí i: kí ó dúró kí ó tó ra onígi, kí ó rà á níbi tí yóò ti fi orí lélẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Bàtísì ti ń kọ́ni ní orin ìjọ, ó ṣeé ṣe kí ó tilẹ̀ rí ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́.

Ara àgbà náà ní ohùn nínú ìdájọ́ yìí. Etí a máa kọ́kọ́ pàdánù àwọn ohùn òkè. Làkúègbé a máa mú oríkèé ọwọ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Nǹkan bí gíráàmù 50 ni ó ń tẹ kíì kan wálẹ̀ nínú píánò tó wà ní ìlera, èyí tí ó bá le ju ìyẹn lọ yóò rẹ ìka tó ti lo àádọ́rin ọdún. Kí ẹni tó ń rà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó má sì rán ọmọ. Jennifer Bugos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007, níbi tí àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 60 sí 85 ti fi oṣù mẹ́fà kọ́ píánò, tí ìyára ọpọlọ àti ìrántí wọn sì sunwọ̀n sí i. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kódà bí kò bá ṣe nǹkan kan fún ọpọlọ, n ó ṣì tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí mo fi ọ̀rọ̀ sí nìyí. Ẹni tí ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tí kò gbọ́ ìka, tí ó sì ń jókòó sí i lójoojúmọ́, kí ó ra èyí tó dára jù, kí ó má sì sún un síwájú di ìgbà tí ọwọ́ bá le, nítorí ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Ní Kàdúná, píánò oníná oníkíì 88 tó ní ìwúwo rere ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Onígi ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ní túnà tó dájú, tó ní yàrá inú tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ fèrèsé kò dé, tí kò gbèrò láti ṣí, tí yóò sì máa bu omi sí àwo ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ láti oṣù kọkànlá títí ọyẹ́ yóò fi ká ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe ti àwo omi, kí ó má ra igi.

Bàbá Barnawa ra oníná kan ní ọdún náà, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Tuntun ni ó ń tẹ̀ nígbà ọyẹ́, ó sì ń fi aṣọ ìbora bo onígi. Ní oṣù keje, lẹ́yìn tí òjò ti fìdí múlẹ̀ tí túnà sì ti lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ṣí aṣọ ìbora náà fúnra rẹ̀, ó ní kí n tẹ Dó àárín. Mo tẹ̀ ẹ́. Òun náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, ó sì fi ìka sórí rẹ̀ títí ohùn náà fi wọ inú igi tán.